Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Yóò Gbé Wa Délé

Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti ra pòtétò sílẹ̀ ní àpò àpò, àwọn mìíràn ń wá kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì tí wọn yóò kó lọ fún àwọn ará ilé, nítorí ẹni tí ó bá ti Jos dé tí kò gbé nǹkan kan dání, ojú á tì í láàárín ẹbí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, arákùnrin kan nínú ìjọ wa gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ilé mi kí n bá òun bùkún un fún ìrìn àjò. Mo bùkún un. Bí mo ti ń yí ọkọ̀ náà po pẹ̀lú omi mímọ́ ni ojú mi bọ́ sí táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Wáyà tín-tìn-tín ti ń yọ jáde ní etí rẹ̀ nínú bí irun àgbàdo. Mo bi í léèrè bóyá ó ti rí i. Ó ní, "Fadá, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ dáadáa." Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti pèsè sílẹ̀ fún òní. Ọ̀rọ̀ táyà ni a ó sọ. Bí ó bá dà bí ẹni pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùfáà, ẹ ní sùúrù fún mi kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, èmi fúnra mi ni mo wa ọkọ̀ láti Jos lọ sí Ìkọ̀lé ní Èkìtì. Àbúrò màmá kan nínú ìjọ wa ni ó kú, ìsìnkú rẹ̀ ni a sì ń lọ. Àwa mẹ́rin ni a wà nínú ọkọ̀: màmá náà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó ọmọ náà, àti èmi. Ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ìsàlẹ̀ gíláàsì. A kúrò ní Jos ní agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, nínú òtútù tí ń mú kí eyín ó máa gbá ara wọn. A sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, a gba Akwanga àti Keffi, a kọjá Àbújá, a sì dé Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ oòrùn Lọ́kọ́ja, n kò ní í ṣe àlàyé rẹ̀ fún yín.

Níbẹ̀ ni a ti dúró láti ra epo àti omi. Bàbá kan tí ń ṣe fọ́kànáísà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rìn wá bá wa, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fọwọ́ kan táyà, ó sì mi orí. Ó ní táyà wa ti gbóná jù, pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ kọjá bí ó ti yẹ, àti pé bí a kò bá dín in kù, yóò bẹ́ lọ́nà. Ó fi géèjì rẹ̀ hàn mí: 38 ni. Bẹ́ẹ̀ 32 ni mo fún un ní Jos ní òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá náà bá làákàyè mi mu, nítorí ohun tí ó bá wú jù, bíbẹ́ ni yóò bẹ́. Mo ní kí ó dín in kù. Ó dín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù sí 28, mo fún un lówó, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A kọjá Obajana, a kọjá Kábà. Kí a tó wọ ilẹ̀ Èkìtì ni mo gbọ́ ìró kan bí ìró ìbọn. Ìdí ọkọ̀ náà fì sí òsì. Ohun tí ẹsẹ̀ mi ṣe ni ohun tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ṣe: mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà yí, ó wọ inú igbó, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá igi. Kò sí ẹni tí ó kú nínú wa. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún màmá yìí ṣẹ́ ní ojú méjì, ilé ìwòsàn ni a sì wà nígbà tí wọ́n ń sin àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ó ti rìn láti Jos kí ó lè da yẹ̀pẹ̀ sí i lára, kò sì dé ibẹ̀.

Kò bá mi wí. Ní ọjọ́ kẹta, bí ó ti dùbúlẹ̀ tí apá rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ǹtì funfun, ó kàn bi mí pé, "Fadá, ta ni ó ní kí ẹ dín in kù?" N kò lè dáhùn pé bàbá fọ́kànáísà ni. Ohun tí bàbá náà mọ̀ ni ó sọ, kò sì fi ibi sọ ọ́. Èmi ni mo di sítíárìn mú. Èmi ni mo mọ̀wé, tí ìwé ọkọ̀ náà sì wà nínú àpótí iwájú mi láti ọdún mẹ́ta tí n kò ṣí i wò rí.

Mo ti ṣí i láti ìgbà náà. Mo ti bá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà jókòó pẹ̀lú. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé lóòótọ́ ni ìgbóná ń pa táyà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó kéré jù ni ó sábà máa ń bí ìgbóná náà. Èmi àti bàbá Lọ́kọ́ja rí àmì àìsàn, a sì lo oògùn tí ó mú àìsàn náà le sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé ọkọ̀ dúró. Rọ́bà wulẹ̀ jẹ́ àpò tí a rọ afẹ́fẹ́ náà sí. Ibi tí táyà ti fara kan ilẹ̀ máa ń tẹ́ díẹ̀, bí ó bá sì ti yí kúrò nílẹ̀, á tún padà rí róbótó. Táyà ọkọ̀ kékeré ń yí ní nǹkan bí 500 ìgbà kí ó tó rin kìlómítà kan. Bí a bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ibì kọ̀ọ̀kan lára táyà náà ń tẹ́, ó sì ń nà padà, ní nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ mú wáyà ìfaṣọkọ́ kan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn ní ojú kan náà, kí ẹ sì fi ètè kan ibẹ̀: yóò gbóná, lẹ́yìn náà yóò sì já. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ táyà ń rí nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá pé, ìtẹ̀ náà kéré. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á tẹ̀ púpọ̀, á gbóná púpọ̀, ìgbóná náà yóò sì máa tú rọ́bà kúrò lára okùn àti wáyà tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀. Bí ẹrù bá tún pọ̀, tí eré sì pọ̀, ó di ọ̀ràn wákàtí díẹ̀.

Kí ni ti 38 tí a rí ní Lọ́kọ́ja nígbà náà? Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a sé mọ́ inú nǹkan, bí ó bá gbóná, agbára rẹ̀ á lékè. Táyà tí ó ti rìn jìnnà máa ń fi bí 4 sí 6 kún ohun tí ó wà ní òwúrọ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ èyí kí wọ́n tó kọ 32 sílẹ̀. Wọ́n ti ro ìgbóná ọ̀nà mọ́ ọn. Nígbà tí mo dín in kù sí 28 nínú ìgbóná, ohun tí mo ṣe gan-an ni pé mo sọ ọ́ di 24 tàbí bẹ́ẹ̀ bí táyà náà ì bá tutù, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin àti àpò pòtétò lẹ́yìn. Ó dà bí ẹni tí ó rí i pé àjà ilé wúwo, tí ó sì lọ yọ òpó kan kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín afẹ́fẹ́ táyà tí ó gbóná kù fún yín lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí. Mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ òdìkejì rẹ̀ láti Akwanga títí dé Ilọrin, láti ẹnu àwọn àgbà tí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa lọ.

Ìgbà tí táyà bá tutù ni a ń wọ̀n ọ́n. Ìtumọ̀ "tutù" ni pé ọkọ̀ ti wà lójú kan fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, tàbí pé kò tíì rìn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, kí oòrùn tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà. Bí ilé fọ́kànáísà bá jìnnà sí yín, ẹ wọ̀n ọ́n nílé, kí ẹ kọ iye tí ó kù sílẹ̀. Bí 32 bá yẹ, tí ẹ sì rí 28, mẹ́rin ni ó kù. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ fọ́kànáísà, táyà á ti gbóná díẹ̀, géèjì lè sọ pé 30. Ẹ fi mẹ́rin náà kún ohun tí géèjì bá sọ níbẹ̀, kí ó di 34. Nígbà tí ó bá tutù, yóò padà sí 32.

Fún àwa ará orí òkè, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìkókó kan tí àwọn ará Ìbàdàn kò ní. Ìlú Jos ga ju ojú òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 1,200 mítà. Nínú ọyẹ́, òwúrọ̀ wa lè sún mọ́ ìwọ̀n 10 ní ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, nígbà tí ọ̀sán Lọ́kọ́ja ń kọjá 33. Bí ojú ọjọ́ bá fi ìwọ̀n márùn-ún tàbí mẹ́fà gbóná sí i, géèjì á fi ẹyọ kan lékè. Bí ó bá tutù tó bẹ́ẹ̀, á fi ẹyọ kan rẹlẹ̀. Gíga ilẹ̀ náà sì ní ọwọ́ tirẹ̀: afẹ́fẹ́ òde kò tẹ nǹkan níbí bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ìsàlẹ̀, nítorí náà táyà kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi méjì rẹlẹ̀ lójú géèjì bí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò Ọya. Ẹ má wulẹ̀ da orí ara yín rú pẹ̀lú ìṣirò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ bá ti sùn nílé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àna àti ẹ̀gbọ́n kiri, ẹ tún un wọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ bá padà dé Jos pẹ̀lú, ẹ tún un wọ̀n, nítorí táyà tí a fún nínú ooru ìsàlẹ̀ yóò ti ṣaláìtó nínú òtútù wa.

Iye wo ni kí a fún un? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn náà ń ti mọ́. Ìwé kékeré kan wà tí a lẹ̀ síbẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹ̀yìn ìdérí ojú epo ni ó wà. Níbẹ̀ ni a kọ iye ti iwájú àti iye ti ẹ̀yìn sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń béèrè ohun tí ó wà láàárín 30 sí 35. Lórí ìwé àwọn ọkọ̀ kan, ẹ ó rí iye méjì, ọ̀kan fún ènìyàn díẹ̀, ọ̀kan fún ẹrù kíkún, ti ẹrù kíkún sì máa ń ju ti èkejì lọ, pàápàá fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ti ẹrù kíkún ni ó yẹ kí n lò ní ọjọ́ náà. Iye tí ẹ bá rí lára táyà fúnra rẹ̀, 44 tàbí 51, òpin ohun tí táyà náà lè gbà nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ yín fẹ́. Mo ti rí fọ́kànáísà kan tí ó ń ka 51 náà sókè bí ẹni ń ka òfin, tí ó sì fẹ́ fún un dé ibẹ̀.

Ẹ ní géèjì tiyín. Kì í ṣe ohun tí ó wọ́n. Ti ojú ọ̀nà ti ṣubú lulẹ̀ àìmọye ìgbà, ó lè purọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti wọ̀n táyà tán, ẹ dé ọmọrí sí ẹnu rẹ̀ padà, nítorí iyanrìn a máa wọ ibẹ̀ kí ó sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Àwọn fọ́kànáísà máa ń fi itọ́ sí ẹnu rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Mo ti rí àwọn kan nínú yín tí wọ́n ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí itọ́ náà bá hó, òótọ́ ni ó ń sọ. Ẹ má gbàgbé sípíà tí ó wà lábẹ́ ẹrù. Kò sí ohun tí ó dunni tó kí a tú gbogbo pòtétò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí a sì bá sípíà tí ó ti pẹlẹbẹ nísàlẹ̀.

Àwọn tí ọkọ̀ wọn ti Amẹ́ríkà wá ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí lè sọ pé iná kan wà ní iwájú awọn tí ń tàn bí táyà bá dín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi ṣe iná náà níbẹ̀ kò béèrè pé kí ó tàn títí afẹ́fẹ́ yóò fi dín ní ìdá mẹ́rin kan. Táyà tí ó yẹ kí ó ní 32 lè ti sọ̀ kalẹ̀ dé 25 kí iná náà tó la ẹnu.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí táyà arákùnrin wa tí wáyà ń yọ. Táyà a máa rojọ́ fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá jẹ, tí àárín ṣì ga, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń dín láti ọjọ́ pípẹ́. Bí àárín bá jẹ, tí etí méjèèjì sì wà, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí etí kan ṣoṣo ni ó jẹ, bíi ti arákùnrin yìí, ẹ má fi afẹ́fẹ́ sùn: ẹsẹ̀ náà kò dúró ṣánṣán. Kòtò ti yẹ̀ ẹ́, tàbí ohun kan ti rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, aláínmẹ́ǹtì ni yóò sì wò ó sàn. Bí ó bá ra táyà tuntun láìṣe aláínmẹ́ǹtì, yóò jẹ èyí náà ní ojú kan náà. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé etí ti inú ni ó sábà máa ń jẹ, níbi tí ojú kì í dé. Ẹ yí sítíárìn dé òpin kí ẹ lè rí inú ẹsẹ̀ iwájú. Fún ti ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti ọ̀tún sí òsì, àti láti òsì sí ọ̀tún, ní rọra, kí wáyà má baà gé yín. Bí ó bá ń dán ní apá kan, tí ó sì ń gún bí eyín ayùn ní apá kejì, aláínmẹ́ǹtì náà ni. Bí ó bá ṣe gegele gẹ̀gẹ̀lẹ̀ yíká, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ṣọ́ọ̀kì àti bálánsì. Bí ẹ bá rí kókó tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ táyà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, okùn inú rẹ̀ ti já. Kò sí àtúnṣe fún un, kò sì gbọdọ̀ rìn dé Akwanga.

Ní ìsàlẹ̀ àwọn ihò ojú táyà, àwọn afárá kéékèèké kan wà tí a fi rọ́bà ṣe. Gíga wọn jẹ́ mílímítà 1.6. Ẹ wá àmì TWI tàbí igun mẹ́ta kékeré ní ẹ̀gbẹ́ táyà, yóò tọ́ka sí wọn. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ọgbọọgba pẹ̀lú afárá náà, táyà náà ti parí, ohunkóhun tí ẹni tí ń tà á bá sọ. Fún ẹni tí yóò rin nínú òjò, mílímítà mẹ́ta ni èmi kò ní í jẹ́ kí tèmi sọ̀ kalẹ̀ ju, nítorí ihò yẹn ni omi ń gbà sá kúrò lábẹ́ táyà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ báyìí yóò kan àwọn kan lára, nítorí àwọn kan nínú ìjọ wa ń ta táyà Tòkunbọ̀, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo mọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Dunlop ní Ìkejà náà kò sì pẹ́ tẹ̀lé e. Táyà tuntun di ohun òkèèrè, owó rẹ̀ sì ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà tí a ti lò, tí ó bá ọkọ̀ kékeré mu, wà lára ohun tí ìjọba fi òfin de kíkó wọlé. Ẹ jẹ́ kí a fi òfin sílẹ̀ ná, kí a wo táyà fúnra rẹ̀. Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí a kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó kẹ́yìn níbẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, kí ọdún 2000 tó dé ni a ti ṣe é, kí ẹ sì sá fún un. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa níhìn-ín ń kìlọ̀ pé kí táyà má ṣe kọjá ọdún mẹ́rin. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní òkèèrè, ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ọdún mẹ́fà. Táyà Tòkunbọ̀ tí ó ń dán lórí igbá lè ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ ka nọ́ńbà náà fún ẹni tí ń rà á. Èmi kò béèrè ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ yín láti orí ẹ̀rọ yìí. Ìyókù, a ó jọ sọ ọ́ nílé.

Kì í sì í ṣe ọ̀ràn tálákà nìkan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, tí ó jẹ́ mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kú ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣe ìwádìí, wọ́n ní táyà ẹ̀yìn ni ó bẹ́, àti pé eré ọkọ̀ náà pọ̀. Ọkọ̀ mínísítà ni, kì í ṣe ọkọ̀ ẹni tí kò rí owó táyà.

Bí ó bá wá bẹ́ lẹ́yìn gbogbo ìṣọ́ra, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ mú ọkọ̀ tọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ gbá sítíárìn, ẹ má tẹ bíréèkì. Ẹ rọra ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, nígbà tí ó bá sì ti ń rákò ni kí ẹ tó darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo ti ń sọ ọ́ sókè fún ara mi nínú ọkọ̀ láti ọdún náà, bí ọmọdé tí ń kọ́ kátíkísìmù, nítorí mo mọ̀ pé ní ọjọ́ náà kò ní í sí àyè láti ronú.

Màmá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú wa. Apá rẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n kò ṣeé nà tán mọ́. Nígbàkúùgbà tí ó bá gbọ́ pé mo fẹ́ rin ìrìn àjò, á ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ bá mi bi Fadá, ṣé wọ́n ti wo táyà kí oòrùn tó yọ?" Òun àti àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n dá owó ra géèjì mẹ́ta tí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pé kí a bá òun wọ̀n ọ́n, nítorí kí ó tó dé, táyà rẹ̀ á ti gbóná. Ẹ wá gba géèjì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lò ó nílé ní òwúrọ̀, kí ẹ sì dá a padà kí agogo mẹ́wàá tó lù, nítorí ẹlòmíràn ń dúró dè é. Arákùnrin tí wáyà yọ ní táyà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ó dá a padà ní ọjọ́ kejì, ó sì ní kí n júwe ilé aláínmẹ́ǹtì fún òun.